Kí ẹ tó ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kún un ní Ìkòròdú

Níbi ìpàdé àdúgbò ní Ìkòròdú, bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bá ti délẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo ẹnu máa ń sọ: bọ́ọ̀sì ò tó, kí ìjọba fi kún un. Òótọ́ lè wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ 8 lè ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ 10 bí ẹ bá gba ìṣẹ́jú tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà padà. Ọkọ̀ 10 náà sì lè má ṣe iṣẹ́ 8 bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wíwá ṣéńjì àti dídúró kí ọkọ̀ kún bá ń jẹ ìṣẹ́jú wọn. Nítorí náà, aago ni ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ á tẹ̀lé e.

A kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, fún káńsù, fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ kó owó lé ọkọ̀ èrò, àti fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ mú ìwé tó ní ìṣirò lọ bá ìjọba dípò ẹ̀sùn lásán.

Ohun tó wà nílẹ̀

Oṣù kẹta ọdún 2008 ni BRT, bọ́ọ̀sì gbọọrọ tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti Mile 12 dé CMS, nǹkan bíi kìlómítà 22. Oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni wọ́n fà á dé Ìkòròdú, nǹkan bíi kìlómítà 13 àbọ̀ sí i, àárín títì gan-an ni wọ́n sì la ojú ọ̀nà tirẹ̀ sí. Ìyẹn ni pé ọ̀nà ńlá tó lọ sí Èkó ti ní ọkọ̀ gbọọrọ tirẹ̀. Bí ó bá kù síbì kan, ètò ibẹ̀ kò sí lọ́wọ́ àdúgbò, LAMATA, àjọ tó ń rí sí ètò ọkọ̀ èrò ní ìpínlẹ̀ Èkó, ló ni ín.

Ibi tí ọwọ́ àdúgbò ti lè tó ni inú lọ́hùn-ún: láti Ìjẹ̀dẹ́, Ìgbógbó, Bàyékù, Ìmọ́tà, Àgbọ̀wá, Ìṣáwo àti Odógunyàn wá sí Gárèèjì Ìkòròdú. Danfó, kòróòpé, kẹ̀kẹ́ Marwa àti ọ̀kadà ló ń kó èrò ibẹ̀. Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀dẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó lè ti lo gbogbo sùúrù òwúrọ̀ rẹ̀ tán kó tó fojú kan BRT rárá. Apá yẹn ni ìwé yìí dá lé.

Ẹ má sì gbàgbé omi. Èbúté wà ní Ìpákòdó, ó wà ní Bàyékù àti Ìjẹ̀dẹ́ pẹ̀lú. Bọ́ọ̀sì tó bá gbé èrò dé ẹ̀bá ọ̀sà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi ti ṣí, ìyà ló fi jẹ wọ́n.

Kíka èrò

Ẹ yan ojú kíkà 4 tàbí 5 péré. Ibi tí ọkọ̀ ti máa ń kún jù lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ dúró sí, torí pé ibẹ̀ ló ń sọ iye ọkọ̀ tí ọ̀nà náà nílò. Ní Ìkòròdú, Ìtámágà dáa, níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ ti ya kúrò lára ọ̀nà Ìtòìkín. Odógunyàn dáa fún ọ̀nà Ṣágámù, Ògólóńtò fún ọ̀nà Èkó. Fún ọ̀nà Ìgbógbó, ẹ wá ibi tí àwọn tó ń bọ̀ láti Bàyékù àti Ìgbógbó ti pọ̀ pọ̀ tán kí ọkọ̀ tó wọ ìlú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kíkà, ẹ fi Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan kún un nítorí ọjà àti òde àríyá. Ẹ má ka èrò ní ọ̀sẹ̀ ìsinmi ọmọ iléèwé, ẹ má sì kà á ní ọjọ́ Orò. Lọ́jọ́ Orò, obìnrin kì í jáde ní ìlú, ìdajì èrò yín ti wà nínú ilé nìyẹn. Ẹ béèrè ọjọ́ náà lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ tó tẹ fọ́ọ̀mù.

Ní ti wákàtí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 4:30 òwúrọ̀. Ẹni tó bá ní aago 6 ni òun máa bẹ̀rẹ̀, ó ti pàdánù àwọn tó ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n sì pọ̀ ní Ìkòròdú ju bí àlejò ṣe lè rò lọ. Ẹ kà á dé 10:00. Lọ́sàn-án, láti 3:30 dé 9:30 alẹ́.

Ènìyàn 2 ló máa wà fún ìhà kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń pè é, ọ̀kan ń kọ ọ́. Kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ara wọn ní wákàtí méjì-méjì, torí ojú máa ń rẹ ẹni tó ń pè é. Lẹ́ẹ̀dì ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe bírò, nítorí òjò. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú fọ́ọ̀mù jẹ́ ìṣẹ́jú 15. Òpó tó máa wà nínú rẹ̀ ni: bọ́ọ̀sì ńlá, Coaster (bọ́ọ̀sì oníjókòó 30), danfó, kòróòpé, kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà. Ẹ má ka orí nínú ọkọ̀ tó ń sáré lọ. Ẹ fún un ní àmì: 0 bó bá ṣófo, 1 bí kò bá dé ìdajì, 2 bó bá tó ìdajì, 3 bí àga bá kún, 4 bí èèyàn bá dúró tàbí tí wọ́n so rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ilé lẹ ó ti sọ àmì di iye. Danfó tó kún jẹ́ 14, kòróòpé 7. Ọ̀kadà jẹ́ 1 àfi bí ó bá gbé méjì, ẹ má sì ka ẹni tó ń gun ún mọ́ èrò. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀, ó sì máa ń sọ èrò ọ̀kadà di ìlọ́po méjì.

Òpó tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ẹ ó fi kún un gbẹ̀yìn: ní òpin ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan, ẹ ka àwọn tó ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò rí ọkọ̀ wọ̀. Bí iye yẹn bá ń lọ sókè láti ìlà dé ìlà, ọkọ̀ ò tó lóòótọ́ ní wákàtí yẹn. Bó bá ń kún tó sì ń gbẹ, ọkọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò wá déédéé. Àìsàn méjì ni, oògùn wọn ò sì jọra.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ sọ fún káńsù, fún àgọ́ ọlọ́pàá àti fún alága gárèèjì. Ẹni tó dúró sẹ́bàá títì tó ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ jọ agbowó orí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ràn agbowó orí. Ẹ wọ aṣọ tó ń tan nínú òkùnkùn.

Lẹ́yìn kíkà, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu èrò. Ìbéèrè 4 tó: ibo lẹ ti ń bọ̀, ibo lẹ ń lọ gan-an, ọkọ̀ mélòó lẹ ó wọ̀, èló ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má béèrè iye tí wọ́n ń gbà níbi iṣẹ́, wọn á kàn rìn lọ ni. Èrò 200 sí 300 lórí ọ̀nà kan á fún yín ní àwòrán tó dájú, bí ẹ bá pín wọn sí gbogbo wákàtí. Ẹ lè rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ ní Gárèèjì kò lọ sí Èkó rárá, pé Sábó ni wọ́n ń lọ, tàbí iléeṣẹ́ kan lọ́nà Odógunyàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó gba inú ìlú kọjá láìjẹ́ pé wọ́n sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n nílò.

Wíwọn ìrìn

Iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń fò, òun ló sì níye lórí jù. Ẹ wọ ọkọ̀ lórí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ tún ṣe, àlọ 10, àbọ̀ 10, ní wákàtí tí èrò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa gba ipa ọ̀nà sílẹ̀. Áàpù OsmAnd lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè gbé e sórí máàpù OpenStreetMap. Ṣùgbọ́n fóònù kò mọ ìdí tí ọkọ̀ fi dúró, ìwé ló ń sọ ìyẹn. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú àáyá àti lẹ́tà kan: G fún gosiló, E fún èrò tó ń gòkè tó ń sọ̀, Ṣ fún ṣéńjì, K fún kòtò ojú títì, D fún dídúró kí ọkọ̀ kún, O fún owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ dírẹ́bà lójú ọ̀nà. Ní alẹ́, ẹ ro lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pọ̀. Ẹni tó ti ń pariwo gosiló lè wá rí i pé D ló ń jẹ òun jù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí D yẹn. Ọkọ̀ danfó kì í gbéra àfi tó bá kún. Bí èrò 1 bá ń dé gárèèjì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, danfó oníjókòó 14 máa lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 kó tó kúrò, kòróòpé oníjókòó 7 máa lo 7. Ìdí nìyí tí kòróòpé fi gba àwọn ọ̀nà kéékèèké lọ́wọ́ danfó. Kò sáré ju danfó lọ, ó kàn tètè ń kún ni. Ìyà tó burú jù wà fún ẹni tó dúró sí àárín ọ̀nà: ọkọ̀ tó kún láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní àyè fún un. Yóò rí ọkọ̀ 6 tó kọjá, kò ní wọ ọ̀kan. Bí ètò yín bá fi bọ́ọ̀sì ńlá rọ́pò danfó tí ẹ ò sì mú òfin “kó kún kó tó lọ” kúrò, ẹ ti mú nǹkan burú sí i. Ọkọ̀ oníjókòó 30 á jókòó sí gárèèjì fún ìdajì wákàtí.

Ìṣirò àlọbọ̀

Ẹ to àlọ 10 yẹn láti orí èyí tó yá jù dé èyí tó pẹ́ jù, kí ẹ mú ìkẹsàn-án. Ẹ má mú àárín. Bí ẹ bá fi àárín ṣètò, ìdajì ọkọ̀ yín ni yóò máa pẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ ṣe bákan náà fún àbọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìsinmi kún un ní ìkángun méjèèjì, nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn náà. Ìsinmi yìí wà fún kí dírẹ́bà tọ̀, kó mu omi, kí ọkọ̀ tó pẹ́ sì lè bá àkókò rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò kí ìṣirò lè dùn ti tú ètò ọ̀sán dànù láti òwúrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìjẹ̀dẹ́ sí Gárèèjì ṣe àpẹẹrẹ, iye àfiṣàpẹẹrẹ ni o, tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Àlọ 40, àbọ̀ 30, ìsinmi 5 níhìn-ín àti 5 lọ́hùn-ún: àlọbọ̀ kan jẹ́ ìṣẹ́jú 80. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ kan máa tẹ̀lé èkejì ní ìṣẹ́jú 10-10, ẹ fi 10 pín 80, ọkọ̀ 8 ni. Ẹ fi ọ̀kan kún un tí yóò wà nílẹ̀ fún ọjọ́ tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ó di 9.

Ẹ wá wò ó bí oríta kan ṣoṣo bá ń jẹ ìṣẹ́jú 20 nínú àlọbọ̀ náà sí i. 80 di 100, ọkọ̀ 8 di 10. Owó Coaster méjì, owó oṣù dírẹ́bà àwọn méjèèjì, epo wọn àti táyà wọn ti wọlé sínú oríta kan ṣoṣo. Ibi tí ìwé yín ti máa lágbára níwájú ìjọba nìyí: ẹ má kàn sọ pé oríta yẹn burú, ẹ sọ iye ọkọ̀ tó ń jẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún ìṣẹ́jú kéékèèké pẹ̀lú. Bí àlọbọ̀ bá jẹ́ 83 dípò 80, 8.3 ni yóò jáde, kò sì sí ìdá mẹ́ta ọkọ̀. Ọkọ̀ 9 ni ẹ ó rà. Ìṣẹ́jú 3 náà ti ná yín ní odindi bọ́ọ̀sì. Ẹ wá ọ̀nà gé e kúrò: ẹ yọ ibùdókọ̀ méjì tó sún mọ́ ara wọn jù, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yí padà níbòmíràn.

Ọkọ̀ wo ló yẹ

Ẹ mú wákàtí tí èrò pọ̀ jù nínú fọ́ọ̀mù yín. Ká ní 300 èrò ń kọjá ní ìhà kan ní wákàtí náà. Ẹ má ṣírò pé ọkọ̀ á kún tán porogodo. Ẹ fi í sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, torí èrò kì í pín ara wọn dọ́gba. Coaster oníjókòó 30 á gbé nǹkan bíi 25, nítorí náà ẹ nílò ọkọ̀ 12 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 5-5. Pẹ̀lú àlọbọ̀ 80, ọkọ̀ 16 nìyẹn. Bọ́ọ̀sì gbọọrọ oní mítà 12 tó lè gbé 70, àwọn tó jókòó àti àwọn tó dúró, á gbé nǹkan bíi 59. Ọkọ̀ 6 ní wákàtí kan tó, ìṣẹ́jú 10-10, ọkọ̀ 8. Kòróòpé ńkọ́? Ó lé ní 50 tó gbọ́dọ̀ kọjá ní wákàtí kan, ojú títì ló sì máa fojú winá rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì gbọọrọ dùn lórí ìwé. Àmọ́ kó tó lè yí padà láìṣe rìfáàsì, ó nílò àyè tó fẹ̀ tó mítà 24 sí 25. Ẹ fi téèpù wọn ìkángun ọ̀nà yín kí ẹ tó bèèrè fún un. Ibi tí wáyà iná bá rọ̀ sílẹ̀, ibi tí gọ́tà ò ní ìdérí, ibi tí ṣọ́ọ̀bù ti wọ ojú títì, Coaster ni ẹ fọwọ́ mú. Bí àlàfo àárín ọkọ̀ kan sí èkejì bá tó ìṣẹ́jú 10 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, èrò kì í wo aago, wọ́n á kàn jáde ni. Bó bá ju 15 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ lẹ ìwé àkókò mọ́ ibùdókọ̀, kí ọkọ̀ sì pa á mọ́.

Ibi tí ọkọ̀ máa gbà

Ọ̀nà 3 tí ọkọ̀ wọn ń dé ní ìṣẹ́jú 10-10 sàn ju ọ̀nà 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dé lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí lọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ nípàdé, torí gbogbo àdúgbò ló fẹ́ kí bọ́ọ̀sì gba ẹnu ọ̀nà òun. Bí ẹ bá gbà fún gbogbo wọn, ọkọ̀ yín á máa yí kiri bí ẹni tó ń kí ìyàwó àti àna, ẹni tó ń lọ sí Gárèèjì á sì bọ́ sílẹ̀ gun ọ̀kadà. Ojú títì gbọọrọ ni kí ẹ fi í sí. Ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún á rìn mítà 400 tàbí kó wọ kẹ̀kẹ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà yín parí síbi tí ohun kan ń ṣẹlẹ̀: Gárèèjì níbi tí BRT wà, Sábó, tàbí èbúté Ìpákòdó. Ní Ìpákòdó, àkókò ọkọ̀ ojú omi lẹ ó kọ́kọ́ gbà, kí bọ́ọ̀sì dé ní ìṣẹ́jú 10 ṣáájú kó ṣí, kó sì dúró de èyí tó ń bọ̀ láti Èkó. Nítorí pé ọkọ̀ ojú omi kì í ná alẹ́, ẹ má fi bọ́ọ̀sì èbúté ṣòfò lẹ́yìn tí èyí tó kẹ́yìn bá ti wọlé. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀nà Gárèèjì, níbi tí èrò ti ń wọ́ lálẹ́.

Níbi tí èrò bá ti máa pààrọ̀ ọkọ̀, ẹ ka ìṣísẹ̀. Wọ́n ní láti gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó dé ibùdó BRT ní ọ̀pọ̀ ibi, torí àárín títì ló wà. Ìyá tó gbé ẹrù ọjà sórí, tó tún pọn ọmọ, kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì ni yóò fi gorí rẹ̀.

Ibùdókọ̀

Ẹ fi mítà 400 sí 500 sáàárín ibùdókọ̀ kan sí èkejì. Ìdúró kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, bí ẹ bá ka dídẹ̀ rẹ̀, dídúró rẹ̀ àti bó ṣe máa tún sáré. Bí “Ó wà o!” tí èrò ń ké kí wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ bá jẹ́ kí ọkọ̀ dúró níbi 20 dípò 12, ìṣẹ́jú 4 ni ní àlọ, 4 ní àbọ̀. 8 nìyẹn, ó kù díẹ̀ kó tó ọkọ̀ kan lórí ètò ìṣẹ́jú 10-10.

Lẹ́yìn oríta ni kí ibùdókọ̀ wà, nǹkan bíi mítà 20 sí 30 sí i. Bó bá wà ṣáájú oríta, ọkọ̀ tó dúró á dí àwọn tó fẹ́ yà, àwọn tó fẹ́ yà náà á sì dí i mọ́bẹ̀. Àyè ibùdó fún bọ́ọ̀sì mítà 12 kan kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà 18, yàtọ̀ sí ibi tí yóò ti yà wọlé àti ibi tí yóò ti yọ. Kí orùlé wà níbẹ̀, kí iná wà, kí gọ́tà iwájú rẹ̀ sì ní ìdérí. Bí ẹ bá kọ́ orùlé tí ẹ ò fi àyè sílẹ̀ fún àwọn oníbọ̀ọ̀lì àti oní rìcháàjì, inú rẹ̀ ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sí, èrò á bọ́ sójú títì. Ẹ ya àyè tiwọn sọ́tọ̀ lẹ́yìn orùlé láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní máa lé ẹnikẹ́ni.

Owó ọkọ̀ àti owó dírẹ́bà

Èrò tó ń san owó lọ́wọ́ kọ́ńdọ́kítọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹni tó ti sanwó kó tó wọlé tàbí tó fi káàdì kàn án, 2. Fún èrò 40, ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìṣẹ́jú 2 ní ìrìn kan. Káàdì Cowry tí wọ́n ń lò lórí BRT, reluwé àti ọkọ̀ ojú omi ní Èkó ni kí ẹ lọ bèèrè fún. Káàdì àdáni fún àdúgbò kan á kàn wúwo nínú pọ́ọ̀sì ni. Ẹ wá èèyàn tí yóò máa kó owó sí i ní gbogbo ìkángun. Láìsí ẹni yẹn, owó ọwọ́ ni wọ́n á padà sí kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè iye epo tí Coaster ń jẹ. Ẹ kún táńkì rẹ̀ dé ẹnu, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ọjọ́ 3 lórí ọ̀nà náà, ẹ tún kún un, ẹ pín kìlómítà rẹ̀ sí iye lítà tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ro epo, ọ́ìlì, táyà, owó oṣù, ìwé ọkọ̀, ìnṣọ́ránsì, àti owó tí ẹ ó máa fi pamọ́ láti fi ra ọkọ̀ mìíràn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé. Ọdún 5 ò ní pé, ọkọ̀ á gbó, àpò á ṣófo. Ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí iye èrò tó ń sanwó, ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ ó tún un wò bí owó epo bá yí kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ètò tí kò ní irú àdéhùn yìí kì í pẹ́ dojú dé.

Bí dírẹ́bà bá ń jẹ́ dẹlífárì, ìyẹn iye owó kan pàtó, fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́, kò sí àsọtúnsọ tó máa mú un kúrò ní gárèèjì láìkún. Ìjókòó tó ṣófo, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló rí níbẹ̀. Ẹ san owó oṣù fún un, ẹ sì fi ẹ̀bùn kékeré sórí iye àlọbọ̀ tó parí lásìkò, kì í ṣe sórí iye èrò. Ẹgbẹ́ awakọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Àwọn tó ń wa danfó lórí ọ̀nà náà lónìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fún níṣẹ́. Wọ́n mọ kòtò, wọ́n mọ èrò, ẹ ò sì ní sọ wọ́n di ọ̀tá.

Ìtọ́jú

Dírẹ́bà yóò wo táyà, omi, ọ́ìlì, bíréèkì àti iná ní àárọ̀, yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 5,000 bí ẹ bá ń lo ọ́ìlì lásán. Lórí ọ̀nà wa, abẹ́ ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ẹ ra rọ́bà abẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ kan nínú 8 sí 10 ni kí ó máa wà nílẹ̀ fún ìdúródè. Nígbà tí ọlọ́gbọ́n kan bá sọ nípàdé pé kí wọ́n gbé òun náà jáde, “kí owó lè wọlé,” ẹ má gbà.

Nígbà tí ọkọ̀ méjì bá so pọ̀

Èyí ni yóò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ iwájú pẹ́ díẹ̀, èrò pọ̀ dè é, kíkó wọn tún mú un pẹ́ sí i. Ọkọ̀ ẹ̀yìn kò rí èrò, ó sáré bá a. Lẹ́yìn náà, kò sí ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má sọ fún ti iwájú pé kó sáré, ibi tí ìjàǹbá ti ń wá nìyẹn. Ti ẹ̀yìn ni kí ẹ dá dúró. Ẹ fi ẹnì kan sí àárín ọ̀nà, ní Ìtámágà fún àpẹẹrẹ, pẹ̀lú aago àti fóònù; bí ọkọ̀ bá dé ní ìṣẹ́jú 4 lẹ́yìn èyí tó ṣáájú dípò 10, kó dá a dúró fún ìṣẹ́jú 3 sí 4. Èrò inú rẹ̀ á kùn. Ẹ lẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó dírẹ́bà.

Òjò ní tirẹ̀ kì í tọrọ àyè. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tí odò Ògùn bá kún, Májídùn àti Ajégúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Èkó máa ń fara gbá omi, ìrìn BRT á gùn, èrò á sì dé lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní alẹ́. Ẹ ti kọ ètò oṣù méjèèjì yẹn sọ́tọ̀: àlọbọ̀ tó gùn sí i, ọkọ̀ tó kẹ́yìn tó fi wákàtí kan pẹ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

Gbígbé e lọ síta

Ìwé kan, ojú méjì, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ojú kìn-ín-ní: máàpù, àlọbọ̀, iye ọkọ̀, owó. Ojú kejì: ìṣẹ́jú tó ń ṣòfò àti ẹni tó lè gbà á padà. Gárèèjì àti títì àdúgbò wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ nínú Àfikún Kẹrin òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nítorí náà káńsù ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn. Ìkòròdú nìkan kọ́ o, Ìjẹ̀dẹ́, Ìmọ́tà, Ìgbógbó-Bàyékù, Ìkòròdú North àti Ìkòròdú West náà ní káńsù tiwọn, ọ̀nà kan sì lè gba mẹ́ta kọjá. LASTMA, àjọ tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ ní Èkó, ló ni ọ̀rọ̀ oríta. LAMATA ló ni ọ̀rọ̀ BRT àti ìwé àṣẹ ọ̀nà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà kan fún oṣù 3. Ọ̀sẹ̀ 3 ṣáájú, ẹ kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọjà Sábó àti nínú gárèèjì, ní Yorùbá àti píjìn. Orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ ni kí ẹ kọ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà, kì í ṣe orúkọ olóṣèlú. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ má tún nǹkan kan ṣe àfi èyí tó léwu. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ tún wọ ọkọ̀ ní ìgbà 10 pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lẹ́tà yẹn, àwọn ènìyàn kan náà bó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí D bá ti lọ sílẹ̀ tí G kò sì yí padà, oríta ló kàn. Bí E bá lọ sókè, ẹ má bínú: èrò tuntun ni, kí ẹ lọ ka àwọn tó ṣì wà nílẹ̀ ní òpin ìṣẹ́jú 15.